Bí Mo Ṣe Sọ Ìyá Armel Di Arúgbó

Ẹ jókòó dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ará Sakété ti ń sọ ọ́ lọ́nà tiwọn, wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i. Ẹ kúkú gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó se ọbẹ̀ náà.

Jocelyne ni orúkọ mi. Mo gbọ́ Ànàgó, mo gbọ́ Gun, mo sì gbọ́ Faransé tó tó láti fi bá ọ̀gá jà. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè wa, ìbáà jẹ́ ti omi, ìbáà jẹ́ ti ìdìbò, tí kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè láti gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu kan sí òmíràn. Ẹnu ni mo fi ń jẹun. Ẹnu náà ló sì jẹ mí.

Ní ọdún tó kọjá, porojẹ́ kan dé sí Pobè. Àwọn òyìnbó kan ní òkè òkun ló ń fi owó ìwádìí ránṣẹ́. Dókítà Anicet ló ń darí rẹ̀, ọmọ Bohicon kan tí kò gbọ́ Ànàgó, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu bóyá òun yóò hù. Wọ́n fẹ́ mọ bí ara àwọn àgbà ṣe ń bá àìsàn jà.

Báyìí ni dókítà ṣe là á yé mi: "Tí àìsàn bá wọlé, ara ọ̀dọ́ á dìde jà lójú ẹsẹ̀. Ti àgbà á ṣì máa wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. A ó gún àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan. A ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn ṣáájú, a ó tún gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá ara wọn ṣì ń gbọ́ràn. Tí kò bá gbọ́ràn mọ́, abẹ́rẹ́ mìíràn wà tó lágbára jù ú lọ, arúgbó gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ibi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀ jù ni àwọn tó ń fún wa lówó yóò gbé e lọ."

Mo ní ó dára. Ó ní kí n bá òun wá àwọn tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Ó fún mi ní káàdì tí wọ́n ń fi okùn kọ́ ọrùn, fọ́tò mi wà lórí rẹ̀. Ó fún mi ní alùpùpù tuntun. Ó ní bí mo bá rí àgbà kó jọ dáadáa, alùpùpù náà di tèmi.

Mo gùn ún la ọjà Sakété já lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ rà.

Abúlé Igana ni mo kọ́kọ́ lọ. Bàbá kan ń tún ọkọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù lára mi, èmi fúnra mi ń ṣọ́ ọ ná. O wá ní kí n bù fún òyìnbó?"

"Díẹ̀ ni, Bàbá."

"Díẹ̀ náà ló kù."

"Wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni."

"Kí wọ́n wo tiwọn."

Màmá kan ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ wá bá òun ro àgbàdo òun tán. Mo jíṣẹ́ fún dókítà. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àgbàdo náà pọ̀.

Àwọn díẹ̀ gbà láti wá. Yèyé Èjìdé ló ṣáájú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Pobè ló ń gbé, òun ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá mi kú. Àdín ló ń ṣe tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní àdúgbò rẹ̀, àdín rẹ̀ ni wọ́n fi pa á lára. Láti ọyẹ́ tó ṣáájú ìgbà náà ni àyà rẹ̀ ti ń súfèé. Bó bá ń mí, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń pe ajá nínú yàrá.

Ó ní, "Bó o bá ní kí n wá, màá wá. Bóyá abẹ́rẹ́ wọn á gbọ́ èdè àyà yìí."

Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà kò kún ìjókòó kan. Dókítà Anicet pè mí, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Jocelyne, bí àgbà kò bá pọ̀, owó yìí yóò lọ sí ìlú mìíràn. Èmi náà yóò lọ. Alùpùpù náà yóò lọ."

Mo wo ìta. Alùpùpù náà dúró lábẹ́ igi, oòrùn ń ta sí i lára. Mo ní kí dókítà má ṣèyọnu, pé àgbà kù ní Sakété.

Ìyá Armel ni mo tọ̀ lọ. Suzanne ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pobè ni, ọkọ ló gbé e wá sí Sakété. Ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n iná gààrí ti bá a ṣe iṣẹ́ tí ọdún kò tíì ráyè ṣe. Eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Irun rẹ̀ sì ti funfun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń yan gààrí nígbà tí mo dé.

"Ìyá Armel, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó lẹ fẹ́ jẹ́?"

"Kí ló burú nínú èyí tí mo jẹ́?"

"Kò ní ìrẹsì nínú."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí agbada. "Mélòó ló ní ìrẹsì?"

"Láti márùndínláàádọ́rin lọ sókè. Àpò kan ni porojẹ́ ń fún àgbà tó bá wá, wọ́n á fi bìdọ́ọ̀nù òróró kan tì í."

"Pè mí ní mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Bí ènìyàn bá fẹ́ darúgbó, kó darúgbó tán."

Ẹ ó ní, ìwé ìbí ńkọ́? Ẹni tó bá dàgbà lóòótọ́ ní abúlé wa kì í sábà ní in. Dókítà mọ èyí. Ẹnu mi ló fi ṣe ìwé ìbí gbogbo wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Eustache, tó ń fi zémíjáǹ, alùpùpù akérò, gbé èrò láti Sakété lọ sí Pobè. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n funfun ló ní. Ó ronú díẹ̀.

"Bàbá mi kú lẹ́ni ọgọ́ta. Ṣé mo lè dàgbà ju bàbá mi lọ báyìí?"

"Fún ìrẹsì ńkọ́?"

"Kí Ọlọ́run dáríjì mí. Méjìdínlọ́gọ́rin."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀, Eustache gbé àwọn arúgbó mi méjì sẹ́yìn zémí, ó fi eré dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn wọlé. Ìgbà tó dé àárín yàrá ló rántí ọ̀pá rẹ̀. Ó sáré padà lọ mú un. Dókítà Anicet mi orí, ó ní, "Àwọn àgbà ìlú yín mà le o."

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Àwọn ènìyàn ń wá kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ darúgbó. Obìnrin kan wá tòun ti ọmọ ọmú lẹ́yìn. Mo lé e padà. Èmi náà ní ìwọ̀n.

Mo kọ́ wọn dáadáa. Ẹ tẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa wúkọ́. Ẹ má fo gọ́tà lójú dókítà. Bó bá bi yín ní ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dáhùn pé, "Hẹ̀n?" Wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ náà ju bí wọ́n ṣe gbọ́ ti ilé ìwé lọ. Ìyá Armel tiẹ̀ fi ọwọ́ gbígbọ̀n kún un, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.

Wọ́n gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Cotonou, èsì sì ti ibẹ̀ dé. Dókítà ránṣẹ́ pè mí, ó ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ń tàn bí ìkòkò tuntun.

"Jocelyne! Àwọn àgbà yìí! Ẹ̀jẹ̀ wọn ń jà bíi ti ẹni àádọ́ta ọdún!"

Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ohun tí gbogbo ayé ń jẹ, Dókítà."

Ó wo ojú fèrèsé. Pobè nìyẹn: ọ̀pẹ níwájú, ọ̀pẹ lẹ́yìn, ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ kò jìnnà sí wa. Ó wò wọ́n pẹ́. "Epo pupa," ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀.

Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Àwọn díẹ̀ kan wà tí kò bá yòókù mu," ó ní. "Èyí tí ń jẹ́ Èjìdé ló burú jù. Ara tirẹ̀ kò dáhùn rárá. Bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà Cotonou ni. A ó yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò."

Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Nínú gbogbo àwọn tí mo kó wá, àwọn tó jẹ́ àgbà lóòótọ́ ni wọ́n ní wọ́n bàjẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo dá alùpùpù dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí n má bàa ṣubú.

Kò pẹ́ sí i, dókítà ní àwọn tó ń fún wa lówó ń rán obìnrin kan wá, Mádáàmù Aurore, òyìnbó gan-an. Inú wọn dùn. Wọ́n fẹ́ fi owó kún owó, ká lè wádìí epo pupa.

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ tó lágbára yẹn ńkọ́? Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Ìyẹn? Ta ló nílò rẹ̀ níbí? Ìlú mìíràn ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ báyìí, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ara àwọn àgbà ti rẹ̀."

Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo gba ilé Yèyé Èjìdé lọ. Ó jókòó ti òkúta tó fi ń pa èkùrọ́, kò sì pa èkùrọ́ kankan. Ó wúkọ́, ó fi ọwọ́ di ìhà mú, ó dúró kí ó tán.

"Jocelyne, abẹ́rẹ́ kejì dà? O ní ó ń bọ̀ kí ọyẹ́ tó dé."

"Ó ń bọ̀, Yèyé."

"Ọyẹ́ náà ń bọ̀."

Mo rò ó pé kí n lọ jẹ́wọ́. Láti Pobè dé Sakété ni mo ń rò ó. Ṣùgbọ́n orí alùpùpù ni mo ti ń rò ó, ibẹ̀ kò sì dára fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo máa fi délé, mo ti rí ọ̀nà mìíràn: màá mú Yèyé wá síwájú Mádáàmù Aurore, kó jókòó, kó wúkọ́ tó bó ṣe máa ń wúkọ́. Òyìnbó kì í rí arúgbó tó ń wúkọ́ kó má ṣí àpò. Abẹ́rẹ́ á dé, alùpùpù á dúró, gbogbo wa á jẹ́ ẹni rere.

Ọgbọ́n mi pọ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí Mádáàmù dé, ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi ní Sakété, lẹ́nu ọ̀nà Porto-Novo, ká jọ lọ sí Pobè. Pacôme ló ń wà á, ọmọ Sakété bíi tèmi. Mádáàmù Aurore tín-ín-rín, ó ń béèrè gbogbo nǹkan: kí ni èyí, kí ni ìyẹn. Bí a ṣe ń jáde nílùú, ó rí ọmọbìnrin kan tó gbé igbá lérí, tó sì kúnlẹ̀ kí obìnrin kan tó ń kọjá lọ.

"Kí ló ṣe é?" ó béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí i? Mo lè sọ pé, "Ó ń kí i ni," kí n pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò mọ nǹkan kan, èmi sì mọ gbogbo rẹ̀. Adùn rẹ̀ pọ̀ jù.

"Mádáàmù, nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ju ènìyàn lọ, ó di dandan ká kúnlẹ̀ kí i. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀."

"Ọjọ́ kan?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ ṣì í. Ẹ̀yin ń wá ìwé ìbí kiri. Orúnkún wa ni ìwé ìbí wa."

Ó ní ó dùn mọ́ òun púpọ̀. Pacôme wò mí nínú dígí.

Nínú gbọ̀ngàn ní Pobè, àwọn arúgbó mi ti jókòó pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n ń wúkọ́ léraléra bí ẹgbẹ́ akọrin. Dókítà Anicet sọ̀rọ̀ epo pupa pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ìyá Armel dìde.

"Mádáàmù, ẹ wo ìyá yìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin! Ẹ̀jẹ̀ ọmọge!"

Ìyá Armel fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mádáàmù Aurore bi í ní àṣírí ẹ̀mí gígùn. Ó ní, "Hẹ̀n?" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Yèyé Èjìdé wọlé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, nítorí náà ló ṣe pẹ́. Ó di ògiri mú, ó ń mí, àyà rẹ̀ ń súfèé.

Dókítà sọ sí Mádáàmù létí ní Faransé, "Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bàjẹ́."

Ìyá Armel ṣáájú. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúnkún méjèèjì lulẹ̀, gbì! "Yèyé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú ìrìn o."

Eustache dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọ̀pá rẹ̀ yí lọ sábẹ́ àga Mádáàmù. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ oko àgbàdo ba ni gbọ̀ngàn náà ṣe. Ìlà kan lulẹ̀, ìlà kejì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tòótọ́ mélòó kan nìkan ló ṣẹ́ kù lórí àga, wọ́n ń wo gbogbo wọn.

Mo kọ́ wọn ní ikọ́. Mo kọ́ wọn ní ẹ̀yìn títẹ̀. Mi ò kọ́ wọn láti má kí àgbà. Ta ló lè kọ́ ọmọ Ànàgó ní ìyẹn?

Yèyé Èjìdé fọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn tó ń ti fèrèsé wọlé. "Ta nìyí? Suzanne? Ta ló fún ọ lọ́pá? Èmi tí mo fi àdín pa ọ́ lára lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, ògiri ni mò ń dì mú. Ìwọ wá gba ọ̀pá." Ó yíjú. "Eustache, dìde nílẹ̀, o ó dọ̀tí. Ta ni yóò gbé mi lọ sílé?"

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Ikọ́ gidi. Gbogbo àwọn tó ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀ dákẹ́.

Mádáàmù Aurore kò wo Yèyé. Èmi ló ń wò. "Jocelyne. O ní ọjọ́ kan ṣoṣo."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mádáàmù."

"Kí ló dé tí ẹni mọ́kàndínlọ́gọ́rin fi kúnlẹ̀ fún ẹni mẹ́rìnléláàádọ́rin?"

"Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Gbogbo wọn ló rẹ̀?" Ó nawọ́ sí Yèyé. "Kí ni ìyá yẹn sọ? Túmọ̀ rẹ̀."

Irọ́ náà wà lẹ́nu mi tán. Ó ní ẹ káàbọ̀, Mádáàmù. Ó ní Ọlọ́run á bù kún yín. Ta ló máa mọ̀? Mo rí alùpùpù náà lójú ọkàn, nílé mi ní Sakété. Mo rí Yèyé tó tẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń wá èémí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á lọ sókè lọ́hùn-ún, epo pupa ló máa kù fún un.

Mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àdín, ọ̀pá, ògiri, gbogbo rẹ̀.

Ẹ má yìn mí. Pacôme wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi apá aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bí mi ò bá túmọ̀ rẹ̀, òun á túmọ̀ rẹ̀, ó sì máa fi ti alùpùpù mi kún un.

Dókítà Anicet ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Epo pupa ńkọ́?"

Mo bọ́ káàdì lọ́rùn fún wọn lójú gbogbo ènìyàn. Pacôme ló gun alùpùpù padà fún wọn, ó sì gba inú ọjà Sakété kọjá. Kò sí ohun tóun náà fẹ́ rà. Dókítà jìyà tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìyá Armel ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe irọ́ ló bí i nínú. Ó ní ọkọ òun ti ń pe òun ní Màmá Àgbà.

Wọn kò kó owó ìwádìí náà lọ. Mádáàmù ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tó lágbára náà má lọ síbì kankan ná. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n títún bẹ̀rẹ̀ ń gba àkókò, ọyẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo kó lọ sí Pobè, mo tọ́jú Yèyé ní gbogbo ọyẹ́ yẹn. Mo ń gbé e jókòó kó lè mí. Òun yè é. Bàbá mìíràn láti Igana, ọ̀kan nínú àwọn àgbà díẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn bàjẹ́, kò rí òpin ọyẹ́ náà. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rí ẹ̀fẹ̀ ṣe lórí gbogbo nǹkan, ẹ̀yin náà ti rí i. Mi ò rí ti ìyẹn ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé irọ́ kékeré kò pa ẹnikẹ́ni lára nítorí pé òyìnbó lẹ pa á fún, òyìnbó ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Àwọn ènìyàn yín ló kù nílẹ̀ pẹ̀lú irọ́ náà.

Abẹ́rẹ́ tó lágbára dé nígbẹ̀yìn. Gracia ni wọ́n fi sípò mi, ọmọbìnrin kan tó ń fọhùn bí ẹyẹ. Káàdì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò wò ó. Ọ̀nà tí Mádáàmù Aurore là sílẹ̀ fún un ni pé kó má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa ọjọ́ orí. Kó kó àwọn ará àdúgbò jọ, kó jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn, kó máa wò wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ọ̀fẹ́ kọ́ Mádáàmù nínú ọkọ̀ nìyẹn.

Ó dé ọ̀dọ̀ Yèyé Èjìdé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó lẹ jẹ́?"

Yèyé fi àgbọ̀n júwe mi. "Bi Jocelyne. Òun ló ń pín ọjọ́ orí."

Gracia wò mí. Gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn Yèyé wò mí.

Nọ́ọ̀sì ti mú abẹ́rẹ́ dání. Mo kúnlẹ̀, mo di apá Yèyé mú kó má gbọ̀n. Gracia wo orúnkún mi, ó sì kọ nǹkan síbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ orí Yèyé sí.